Pápákọ̀ òfurufú tí àgbàlagbà lè fara balẹ̀ sí: ohun tí ojú mi ti rí

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè pápákọ̀ òfurufú tó dára jù lọ tí ẹ lè gbà kọjá pẹ̀lú ìyá yín, ẹni ọdún 74, bí ẹ ti ń mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Melbourne ní Ọsirélíà, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti dá yín lóhùn ń dárúkọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí àti ibi tí wọ́n ti ń ta lọ́fíńdà olówó gọbọi. Èmi ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni èmi àti baálé mi, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ti lọ wo ọmọ wa ní Perth, ní Ọsirélíà kan náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tí èèyàn ti ń dúró de bàálù kejì, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó tún wù ú wò mọ́. Ibi tí yóò ti fẹ̀yìn lélẹ̀, omi tí yóò mu láìsanwó, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ tí kò sì jìnnà, ni ọkàn rẹ̀ ń wá.

Ìrìn àjò wa àkọ́kọ́ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nítorí pé mo fẹ́ fi owó díẹ̀ pamọ́, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù méjì tí kò ní àjọṣe kankan. Nígbà tí a dé ìlú tí a ti máa pààrọ̀ bàálù, èyí tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní àwa fúnra wa la máa jáde lọ gbé ẹrù wa, kí a sì tún gbé e wá fún bàálù kejì. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní físà tí a lè fi jáde. Wákàtí mọ́kànlá gbáko la fi ń bẹ òṣìṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn kí wọ́n tó bá wa wá ẹrù náà rí. Gbogbo àga ibẹ̀ ni wọ́n fi irin dá láàárín kí ẹnikẹ́ni má baà dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ bí ọyẹ́. Ìró mi ni mo tẹ́ sílẹ̀ fún baálé mi, ọkùnrin tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí, ó sì ká ara rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láti ìgbà náà, pápákọ̀ Changi ní Síngápọ̀ ni mo yàn láàyò. Ọdún 1981 ni wọ́n ṣí i, Terminal (ilé èrò) mẹ́rin ló sì ní báyìí. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀, orúnkún baálé mi ló sì kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kí ojú wa tó mọ̀ ọ́n. Àga gbọọrọ tí èèyàn lè na ẹsẹ̀ lé wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ tí ń fúnni ní omi mímu náà wà káàkiri, àwọn àmì tó ń tọ́ni sọ́nà sì hàn ketekete débi pé ìyá yín lè rí ẹnu ọ̀nà bàálù láìbi ẹnikẹ́ni. Ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n gbé ojú ẹ̀rọ kan kọ́ tó fi àwòrán òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ibẹ̀ hàn, pẹ̀lú àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí dé èyí tó fajú ro, kí ẹni tó bá lò ó lè tẹ èyí tó bá tọ́ sí i. Baálé mi tẹ èyí tó ń rẹ́rìn-ín jù lọ, ó ní láti ìgbà tí òun ti fẹ̀yìn tì, òun kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní máàkì bíi tòní.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ mú màmá lọ gan-an ni ọgbà labalábá tó wà ní Terminal 3. Alájà méjì ni, ewéko àti òdòdó kún inú rẹ̀, omi kan sì ń dà wálẹ̀ láàárín rẹ̀. Òtútù ẹ̀rọ amúlétutù kò dé ibẹ̀, nítorí pé ooru ni labalábá ń fẹ́, àwọn àgbàlagbà tí òtútù bàálù ti wọ egungun wọn náà sì ń fẹ́ ẹ. Ooru inú rẹ̀ jọ ti ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn òjò. A jókòó síbẹ̀ ju wákàtí kan lọ láìsọ̀rọ̀, ìyẹn kò sì wọ́pọ̀ láàárín àwa méjèèjì.

Ẹ máa gbọ́ nípa Jewel, ilé onígíláàsì tí wọ́n ṣí ní 2019, níbi tí omi ti ń ya láti òrùlé bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, tí gíga rẹ̀ sì tó mítà 40. Ẹ má ṣe ṣèlérí rẹ̀ fún màmá. Ìta ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ló wà, ẹni tó bá sì mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ ti gba físà kó tó lè débẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń mú àwọn èrò wo ìlú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gbé èrò láti Terminal kan sí òmíràn ń gba inú ilé náà kọjá, a sì lè rí omi náà láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ tí a sì bọ̀ nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó bi wá léèrè.

Ohun kan wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀. Ní Terminal 1 sí 3, ẹnu ọ̀nà bàálù gan-an ni wọ́n ti ń yẹ ẹrù ọwọ́ wò, nítorí náà omi inú ike yín kò ní kọjá ibẹ̀, kò sì dájú pé ẹ máa rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú yàrá tí ẹ bá wọ̀. Kí màmá ti tọ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Pápákọ̀ Doha ní Qatar ni mo fi ṣe ìkejì. Àwọn yàrá ìsinmi tó dákẹ́ wà níbẹ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, ọgbà igi ńlá tí wọ́n ṣí ní 2022 sì dùn ún wò, àmọ́ ìrìn ẹsẹ̀ ibẹ̀ pọ̀. Schiphol ní Amsterdam náà dára, wọ́n tilẹ̀ ní ibi ìkàwé, bí ẹ bá sì rí i pé ó jọ Ìkẹjà, ojú yín kò tàn yín jẹ, nítorí àwòṣe rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ Terminal tí wọ́n ṣí ní Ìkẹjà ní 1979. Kìkì pé ọmọ Nàìjíríà nílò físà láti gba pápákọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo físà kan náà, kọjá, kódà bí kò bá jáde, àyàfi tó bá ní irú físà mìíràn bíi ti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà tí kò tíì parí.

Ẹ béèrè àga onítáyà fún màmá nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Màmá fúnra wọn lè kọ̀ ọ́. Baálé mi bi mí pé ṣé òun ti yarọ ni. Mo ní kó jókòó nítorí èmi tí mo ń gbé báàgì, ó sì jókòó. Ẹ bá ẹni tó ń tì í sọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà bàálù, yóò sì fẹ́ fi wọ́n síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ.

Paríparí rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí ẹ rà láti Èkó dé Melbourne. Nígbà tí wọ́n bá so ìwé mọ́ ẹrù yín ní Ìkẹjà, ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i. Bí ó bá jẹ́ MEL, ìyẹn Melbourne, ẹ máa lọ. Bí ó bá jẹ́ SIN, ìyẹn Síngápọ̀, ẹ má ṣe kúrò níwájú òṣìṣẹ́ náà títí yóò fi yí i padà.