Ìdí tí Raoul Walsh fi ta kété sí ojú òṣèré nínú The Big Trail

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí olùdarí fíìmù Raoul Walsh kì í fi í sábà gbé kámẹ́rà súnmọ́ ojú òṣèré nínú The Big Trail, fíìmù ọdún 1930 nípa àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù rin ìrìn àjò lọ tẹ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dó, ẹ̀sùn tí èmi náà ti fi kàn án rí nìyẹn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ ní iṣẹ́ kámẹ́rà pé Walsh kò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ̀dà tóóró ni mo wò.

Ọ̀nà méjì ni Walsh gbà ya fíìmù náà: ayàwòrán Lucien Andriot ló ya ẹ̀dà tóóró, sórí fíìmù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 35 (35mm), Arthur Edeson sì ya ẹ̀dà fífẹ̀, ti 70mm tí iléeṣẹ́ Fox ń pè ní Grandeur, èyí tí ìbú àwòrán rẹ̀ ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ. Ilé sinimá tó ní ẹ̀rọ tó lè gbé e jáde kò tó nǹkan, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó sórí ẹ̀rọ ohùn tán ni, nítorí náà ẹ̀dà tóóró ni ọ̀pọ̀ èèyàn rí.

Nínú ẹ̀dà fífẹ̀ ni ẹ ti máa rí ohun tó ń ṣe. Níbi tí wọ́n ti ń fi okùn sọ kẹ̀kẹ́ àti ẹran kalẹ̀ láti orí àpáta, ẹ ó rí kẹ̀kẹ́ tó ń mì dirodiro, ẹ ó rí àwọn tó di okùn mú, ẹ ó sì rí bí ilẹ̀ ṣe jìn tó nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú àwòrán kan ṣoṣo. Bó bá súnmọ́ ojú ẹnì kan, ẹ̀rù yẹn ti lọ nìyẹn.

Ìyà ló kọ́ mi. Mo ya ìran ọjà kan nígbà kan, mo kó ọgọ́ta èèyàn jọ, ṣùgbọ́n olórí òṣèré nìkan ni mo gbájú mọ́. Nígbà tí a fẹ́ to àwòrán pọ̀, a rí i pé àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró gbagidi bí òpó, ìyá aláta kan sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà. A tún un yà, owó iṣẹ́ ọgọ́ta èèyàn sì jáde lápò mi lẹ́ẹ̀kejì. Walsh fún ẹni tó jìnnà jù lọ pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀: wọ́n ń di ẹrù, wọ́n ń da ẹran, ọmọdé ń sáré kọjá.

Mi ò ní gbèjà ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré náà, torí ó le gan-an létí, ti John Wayne, ọmọ ọdún 23 tó ń ṣe olórí òṣèré fún ìgbà àkọ́kọ́, náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tún un wò, ẹ wá ẹ̀dà fífẹ̀, ẹ yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ mú ẹnì kan lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn, kí ẹ sì máa fojú bá a lọ títí yóò fi jáde kúrò nínú àwòrán.