Má febi pa ara ẹ de ọdún o

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fèsì. O ní ìyàwó tuntun ni ẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀, pé nígbà Iléyá tó kọjá ilé mẹ́fà lo ti jẹun lọ́jọ́ kan ṣoṣo torí o ò fẹ́ kí àwọn ẹbí ọkọ ẹ sọ pé o ń gbéra ga, lẹ́yìn ẹ̀ o fi odidi ọjọ́ mẹ́ta febi pa ara ẹ torí inú ń bí ẹ sí ara ẹ, Kérésì wá ń bọ̀ báyìí, o ń bèèrè bóyá kí o kúkú sọ pé ara ẹ ò yá kí o má yọjú síbì kankan. Jọ̀ọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ti gba ọ̀nà yẹn rí, mo mọ ibi tó já sí.

Télọ̀ ni mí, Òṣogbo níbí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo lọ́kọ sí. Onígbàgbọ́ ni ilé bàbá mi, mùsùlùmí nilé ọkọ mi, ìwọ náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí nílùú wa. Torí náà mo máa ń jẹ Ìtúnu Àwẹ̀, mo máa ń jẹ Iléyá, Ajíǹde, Kérésì, ọdún tuntun, tó bá tún di oṣù kẹjọ tí àlejò bá ti ń ya wọ̀lú torí ọdún Ọ̀ṣun, kò sí bí a ò ṣe ní dáná. Orí máṣíìnì ni mo sì máa ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́, pàápàá ní December tí aṣọ ọdún bá wọlé.

Kérésì 2016, ọjọ́ Sunday ló bọ́ sí, mo ti pinnu pé mi ò ní fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ kí àyè lè wà fún oúnjẹ ọ̀sán. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mi ò jẹun. Nígbà tó máa fi di aago méjì, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ilé àkọ́kọ́ tí mo dé, ráìsì àti adìyẹ ni, mi ò mọ bí mo ṣe jẹ ẹ́, mo kàn rí i pé àwo ti mọ́. Ilé kejì, ráìsì náà ni, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín àti mínírà tútù. Ilé kẹta bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la parí ẹ̀ sí, wọ́n ti gúnyán, wọ́n fi ìgbín àti panla se ẹ̀gúsí, mo tún jókòó tì í. Lóru ọjọ́ yẹn mi ò lè dùbúlẹ̀, àyà ń ta mí bí iná, mo rò pé ọkàn mi ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́ ọkọ mi ti gbé mi dé ọsibítù. Wọ́n ní ọkàn kọ́, oúnjẹ ló kún ikùn àkúnjù tí omi kíkan inú ẹ̀ fi ń padà wá sí ọ̀fun, àmọ́ nígbà tí wọ́n wọn bíípíì mi, 170 lórí 100 ni wọ́n bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ tó bá ti ń tó 140 lórí 90 lemọ́lemọ́ wọ́n ti ń kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ ọdún 43 ni mí nígbà yẹn.

Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn ẹ̀ ló burú ju oúnjẹ yẹn lọ. Mo búra pé mi ò tún ní jẹ oúnjẹ ọdún mọ́ láyé. Mo ń mu àgbo tó ń múni ṣu, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni mò ń jẹun, gbogbo January, gbogbo February. Tó bá wá di òru tí gbogbo ilé ti sùn, mà á dìde lọ sí kíṣìnì, mi ò ní taná, mà á ṣí ìkòkò, mà á máa fọwọ́ mú ẹran jẹ lórí ìdúró. Ọkọ mi nìkan ni mo sọ èyí fún rí. Ẹran tí mo jẹ nínú òkùnkùn yẹn, mi ò gbádùn ọ̀kankan níbẹ̀, tí mo bá padà sórí bẹ́ẹ̀dì ẹkún ni mà á máa sun. Iléyá wá dé ní September 2017, mo tún jẹ ju ti Kérésì lọ.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń bá mi wọn bíípíì lẹ́yìn Iléyá yẹn ló bi mí pé kí ni mo jẹ láàárọ̀ ọjọ́ ọdún. Mo ní mi ò jẹ nǹkan kan. Ó ní ibẹ̀ ni wàhálà ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ikùn máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 kó tó ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ó ti tó, ẹni tí ebi ti pa kọjá àlà, láàárín ìṣẹ́jú 20 yẹn, ohun tó máa jẹ á ti tó oúnjẹ èèyàn méjì. Mo délé mo jókòó, mo ro gbogbo ọdún tí mo ti jẹ sẹ́yìn, òótọ́ ni.

Nítorí náà, àárọ̀ ọjọ́ 25, jẹun. Ògì àti mọ́ínmọ́ín lèmi máa ń jẹ, ẹ̀wà máa ń dúró nínú èèyàn ju búrẹ́dì lọ. Ti Iléyá yàtọ̀ díẹ̀ torí àwọn ará ilé ọkọ mi kì í jẹun kí wọ́n tó ti Yídì dé, bí sunnah ṣe wí nìyẹn, èmi náà máa ń dúró dè wọ́n, àmọ́ ẹ̀kọ ti máa ń wà nílẹ̀ láti alẹ́, bí wọ́n bá ti yọ ẹ̀dọ̀ àgbò báyìí a ti dín in, a ti fi jẹ ẹ̀kọ, mi ò kì í dúró kí wọ́n kun gbogbo ẹran tán.

Ọ̀rọ̀ ilé mẹ́fà wá kù, òun gan-an ló ká mi lára jù nínú ohun tí o kọ. Wò ó, ẹni tó fi oúnjẹ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án ni wọ́n máa ń bá bínú nílùú wa, wọ́n á ní ṣé ó rò pé àwọn fi nǹkan sí i ni. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n bá jà torí pé ó gbé oúnjẹ lọ sílé. Tí mo bá délé èèyàn báyìí, mà á jókòó dáadáa, mà á fọwọ́, mà á jẹ ṣíbí méjì mẹ́ta, mà á wá sọ ohun tó dùn nínú ẹ̀ gan-an, pé ata yìí mà ṣe déédé o, tàbí pé báwo lẹ ṣe se ẹran yìí tó fi rọ̀ báyìí, torí ẹni tó dáná láti ìdájí fẹ́ gbọ́ ọ, ó sì tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà mà á ní, ẹ bá mi di èyí tó kù, àwọn ọmọ yín tó wà nílé náà gbọ́dọ̀ jẹ níbẹ̀. Inú wọn á dùn, wọ́n á tún fi ẹran sí i.

Ilé kan ṣoṣo ni kí o ti jẹ àjẹyó. Ìwọ tí o jẹ́ ìyàwó tuntun, ọwọ́ ẹ ti ba ohun tó dáa jù: níbi yòówù kí o dé, sọ pé Mọ́mì ọkọ mi ti ń dáná dè mí. Ta ló máa bá ẹ jiyàn? Tí o bá wá dọ́dọ̀ Mọ́mì, jẹun, kí o jẹ ẹ́ tìdùnnú-tìdùnnú. Iyán ìyá ọkọ tèmi, inú odó ni wọ́n ti máa ń gún un, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni mò ń rí irú ẹ̀ jẹ, mi ò lè fi ráìsì tí mo lè sè lọ́jọ́ Sunday èyíkéyìí gba àyè ẹ̀ nínú ikùn mi. Mà á kọ́kọ́ bù ú kékeré, ẹ̀fọ́ rírò á pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó bá ṣì ń wù mí mà á tún bù sí i, ẹ̀rí ọkàn kankan ò ní dà mí láàmú. Mínírà ṣá, omi ni kí o fi rọ́pò ẹ̀, ṣúgà inú ìgò 50cl kan lè tó ṣíbí ìmutíì mẹ́wàá.

Ẹran tó bá ṣẹ́kù náà máa ń fa àjẹjù, torí iná ò dúró, gbogbo wa á máa jẹ ẹ́ kó má baà bàjẹ́. Ìpín aládùúgbò àti ti aláìní, kí ọ̀sán tó pọ́n ni kí ẹ ti gbé e jáde, èyí tó kù, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ dín in gbẹ dáadáa.

Tí o bá wá jẹ jù náà, torí ó máa ṣẹlẹ̀, má ṣèjìyà fún ara ẹ. Ọdún tuntun 2024 mo jẹ jù. Ọjọ́ kejì mo mu ògì mi bí ojoojúmọ́, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà Ọba, mo fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó parí. Bíípíì mi ń wà ní nǹkan bíi 128 lórí 82 báyìí, mo ṣì ń lo oògùn mi o, mi ò fi oúnjẹ rọ́pò ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìwọ náà ń jí lóru jẹun tí o ń sunkún, sọ fún ọkọ ẹ, kí ẹ jọ lọ rí dókítà, má dá a gbé.

Kúlà tí wàá máa fi gbé oúnjẹ lọ sílé ni kí o lọ rà báyìí, kó tó wọ́n torí ọdún, èyí tí ìdérí ẹ̀ ń tì pinpin, torí ọbẹ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí máa ń dà sínú ọkọ̀ kórópe.