Ta ló ń pàṣẹ ààbò níbi ayẹyẹ tí èrò pọ̀ sí?

Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó ní àṣẹ ìkẹyìn, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó ṣí géètì. Àwọn ọlọ́pàá Ìlú Ọba pín in sí mẹ́ta: "wúrà" ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́, "fàdákà" ń wá ọgbọ́n tí wọ́n máa fi ṣe é, "idẹ" ló wà láàárín èrò gan-an.

Wo pápá bọ́ọ̀lù Hillsborough ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, April 15, 1989. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń darí ọjọ́ náà kò tíì lo oṣù kan nípò ọ̀hún. Èrò há sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n ṣí géètì kan. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ bínú sí géètì yẹn, torí àwọn tó wà níta náà ti ń fún pọ̀. Ohun tó burú ni pé kò sẹ́ni tó dí ọ̀nà abẹ́ ìjókòó tó já sí àárín ibi táwọn òǹwòran ń dúró sí, níbi tó ti kún àkúnya. Wọn ò sì sún àsìkò bọ́ọ̀lù síwájú. Èèyàn 97 ló bá a lọ.

Torí náà, kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: iye èèyàn tí apá kọ̀ọ̀kan lè gbà, ẹni tó ń kà wọ́n, ẹni tó lè dá eré dúró, ọ̀nà tí áńbúláǹsì máa gbà (èyí tí wọ́n máa ń fi mọ́tò dí nílé wa). Tí èèyàn bá ti ju márùn-ún lọ nínú mítà kan níbùú lóòró, ewu ti ń súnmọ́lé.