Ẹ ní ẹ ò ní nǹkan tí ẹ ń fi pa mọ́? Ẹ gbọ́ tèmi

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín ń yọ yín lẹ́nu pé kí ẹ máa sanwó VPN, áàpù tó ń bá yín gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lóṣooṣù kí wọ́n má baà máa tọpinpin yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ṣebí ẹ kì í ṣe olówó, ẹ ò gbajúmọ̀, ẹ ò sì ní nǹkan tí ẹ ń fi pa mọ́. Mò ń bọ̀ lórí VPN. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ta mí lára, torí èmi náà kì í ṣe olówó, mi ò sì gbajúmọ̀, lọ́jọ́ tí ẹnì kan tí mi ò rí rí gba nọ́ńbà fóònù mi tó sì di èmi.

Fóònù wà lọ́wọ́ mi o. Nẹ́tíwọ̀kì ló kàn lọ, ó kọ "No Service" sókè. Mo pa á, mo tàn án. Mo yọ síìmù, mo fi etí aṣọ nù ún, mo dá a padà. Ibi tí mo ti ń nu síìmù, ẹnì kan ti pe ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì mi, ó ní òun lòun ń jẹ́ orúkọ mi, pé síìmù òun sọnù, kí wọ́n bá òun gbé nọ́ńbà náà sórí síìmù tuntun. SIM swap ni wọ́n ń pè é. Wọ́n bi í ní orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì. Ó dáhùn láìkọsẹ̀, ni wọ́n bá gbé nọ́ńbà mi fún un. Ẹ má sì rò pé àwọn tí ojú wọn ò là nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, nọ́ńbà Jack Dorsey, ọ̀gá Twitter nígbà náà, ni wọ́n gbà, wọ́n sì kọ ìkọkúkọ sórí Twitter òun fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gba nọ́ńbà yín ò nílò páásíwọ́ọ̀dù yín mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín nìyẹn. Ó lọ sójú ìwé ímeèlì mi, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "mo ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù mi" sí, wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà "mi", ọwọ́ ẹ̀ ni kóòdù bọ́ sí. Ó pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, ó tì mí síta. Láti inú ímeèlì, ó bọ́ sí Facebook, ó bọ́ síbi tí mo kó fọ́tò sí, torí pé inú ímeèlì yẹn náà ni gbogbo wọn ń fi ìlànà àtipààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí.

Ó wá wọ WhatsApp. Ibí yìí ló dùn mí jù. Òótọ́ ni pé láti 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láàárín ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbà á, wọ́n sì máa ń fi yangàn. Àmọ́ ẹ̀dà ọ̀rọ̀ wa tó ń lọ sínú Google Drive, ibi ìkópamọ́ tó so mọ́ ímeèlì mi, ò sí lábẹ́ ààbò yẹn. Ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣe ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ti òun náà pa, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ ló máa lọ tàn án fúnra ẹ̀. Torí náà, ọ̀gbẹ́ni yìí jókòó ka ọ̀rọ̀ èmi àti àwọn èèyàn mi, ó kọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó kọ̀wé sí àbúrò ìyá mi, ó pè wọ́n ní "Àǹtí Ẹlẹ́yinjú", orúkọ tí èmi nìkan máa ń pè wọ́n. Ó ní: "Ẹ má pè mí o, etí fóònù mi ti bàjẹ́, ẹ ṣáà bá mi fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́, màá dá a padà kílẹ̀ tó ṣú." Wọ́n fi ránṣẹ́. Ta ni ò ní fi ránṣẹ́?

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn tó yẹ kó gbà mí. Mo fi fóònù aládùúgbò pe ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì. Ọmọbìnrin tó gbé e kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún sùúrù mi, ó wá ní nínú àkọsílẹ̀ àwọn, èmi fúnra mi ni mo béèrè síìmù tuntun. Mo ní kì í ṣe èmi. Ó ní báwo lòun ṣe máa mọ̀? Olè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta, wọ́n gbé ayé mi lé e lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n dárúkọ nọ́ńbà márùn-ún tí mo pè kẹ́yìn, kí n mú káàdì ìdánimọ̀ wá, kí n lọ gbàwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ni. Àwọn tó ni ímeèlì ò tiẹ̀ lẹ́nì kankan téèyàn lè bá sọ̀rọ̀: fọ́ọ̀mù ni, fọ́ọ̀mù ọ̀hún á sì ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín. Nọ́ńbà wo? Nígbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n fi àmọ̀ràn ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa lo páásíwọ́ọ̀dù tó lágbára. Tèmi lágbára. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀.

Ibo ló ti rí ọjọ́ ìbí mi? Ọdọọdún làwọn èèyàn ń kí mi kú ọjọ́ ìbí ní gbangba lórí Facebook. Àdírẹ́sì ńkọ́? Mo tẹ ímeèlì mi sí Have I Been Pwned, ojúlé tí Troy Hunt dá sílẹ̀ ní 2013 kéèyàn lè wò ó bóyá ìsọfúnni òun ti jò, mo sì bá a nínú àkójọ kan tó jò láti ibi tí mo ti rajà nígbà kan, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ lọ wo tiyín. Ìkọlù tí wọ́n ṣe sí Yahoo ní 2013 kan gbogbo àkáǹtì ibẹ̀, bílíọ̀nù mẹ́ta, 2017 ni wọ́n sì tó sọ pé gbogbo ẹ̀ ni. Ní ọdún 2000, Latanya Sweeney, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, fi hàn pé ọjọ́ ìbí, kóòdù ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, àti bóyá ọkùnrin lèèyàn tàbí obìnrin, ti tó láti yọ nǹkan bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí àṣírí kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó jà mí lólè ò wá àṣírí. Ohun tí ilé iṣẹ́ máa bi í ló ń wá.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ yọ nọ́ńbà fóònù kúrò níbi tí wọ́n ti ń fi gba àkáǹtì padà, ẹ fi áàpù tó ń mú kóòdù jáde lórí fóònù fúnra ẹ̀ rọ́pò SMS. Wọ́n á fún yín láwọn kóòdù ìgbàpadà, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé. Ẹ má yà wọ́n ní fọ́tò o! Fọ́tò á gba inú fóònù lọ sínú àkáǹtì tí ẹ ń dáàbò bò gan-an. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fi PIN sórí àkáǹtì yín, tí wọ́n bá ń ṣe é. WhatsApp náà ní PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tiẹ̀, ẹ tàn án. Áàpù tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, ẹ lo ìyẹn náà. Tí ojúlé bá sì fi orúkọ ìdílé ìyá yín ṣe ìbéèrè ààbò, ẹ parọ́. Ẹ kọ ìkọkúkọ síbẹ̀, kí ẹ tọ́jú ẹ̀ mọ́ páásíwọ́ọ̀dù.

Ẹ ṣọ́ra fáwọn "olùrànlọ́wọ́" náà. Bí mo ṣe ké gbàjarè ní gbangba báyìí ni wọ́n ya bò mí, pé àwọn mọ ẹni tó lè bá mi gba Facebook mi padà, kí n kàn san díẹ̀ ṣáájú. Olè ni gbogbo wọn. Nǹkan míì rèé: fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà nílé lè gbé ibi tí ẹ wà sínú, ẹ pa location kámẹ́rà. Áàpù tọ́ọ̀ṣì wo ló nílò láti mọ ibi tí ẹ wà? Ní 2013, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan àwọn tó ṣe irú ẹ̀ kan, torí pé ó ń fi ibi tí èèyàn wà ránṣẹ́ fáwọn onípolówó.

VPN. Kì í jẹ́ kí ẹni tó ni Wi-Fi tí ẹ ń lò rí ojúlé tí ẹ ń lọ. Ó dáa, àmọ́ ẹni tó ni VPN yẹn ló wá ń rí i. Èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ló burú jù: Facebook ní ọ̀kan, Onavo, tí wọ́n fi ń wo àwọn áàpù táwọn èèyàn ń lò, títí tí Apple fi ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2018. Kò sí VPN kankan tí ì bá dá ọ̀gbẹ́ni yẹn dúró níbi tó ti ń bá òṣìṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀. Torí náà, rárá, ẹ má tíì sanwó kankan. Ẹ lọ yọ nọ́ńbà yín kúrò lórí ímeèlì lálẹ́ yìí, tí ẹ ò bá sì rí ibi tí ẹ máa tẹ̀, ẹ sọ irú ímeèlì tí ẹ ń lò fún mi.