Ibo ni aláboyún tí kò lówó lọ́wọ́ ti lè gba ìtọ́jú ní Èkìtì?

Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ ibi tí àbúrò rẹ̀ tó lóyún ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lè gbà sí, nítorí pé ọwọ́ wọn kò tẹ owó ilé ìwòsàn aládàáni. Ilé ìtọ́jú alábọ́dé ti ìjọba ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà NIN rẹ̀, kí ó sì béèrè bí yóò ṣe forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Èkìtì, nítorí pé owó àkànṣe tí Òfin Ìlera ọdún 2014 dá sílẹ̀ wà fún ìtọ́jú àwọn aláìní, àwọn aláboyún sì wà lára wọn. Kì í ṣe gbogbo ilé ìtọ́jú ló wà nínú ètò náà o. Ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń yàn ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan.

Kí ó má dúró di ìgbà tí ikùn bá yọ. Láti oṣù kẹrin oyún ni wọ́n ti ń fún aláboyún ní oògùn Fansidar láti dènà ibà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, tí oṣù kan yóò sì wà láàárín wọn, níṣojú nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì, kí ó gba ìwé tí wọn yóò fi rán an lọ, àyàfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì.