Opó tí kò dúpẹ́ mọ́

Ẹ̀gbọ́n mi tó béèrè pé opó kan n'Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ ń fún ní ₦10,000 lóṣooṣù kò pè yín dúpẹ́ mọ́, pé ṣé kí ẹ dáwọ́ dúró: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dáwọ́ dúró. Èmi náà ti ṣe opó rí.

Nígbà tí ọkọ mi kú, ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀, àbíkẹ́yìn ṣì ń mu ọmú. Gàrí ni mò ń tà lọ́jà Òkè-Ajé, n'Ìjẹ̀bú-Òde. Oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni mo fi ṣe opó nínú ilé bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe là á kalẹ̀. Kí n tó jáde, a ti jẹ owó ọjà tán.

Lọ́jọ́ kan nínú ààwẹ̀, àwọn kan ránṣẹ́ pé kí n wá gba sàráà níwájú mọ́ṣáláṣí. Wọ́n to àwa opó sórí ìlà, wọ́n ní ká gbé àpò ìrẹsì wa sókè kí wọ́n lè ya fọ́tò. Mo gbé e sókè, mo tún rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí àkọ́bí mi fi sunkún dé láti ilé ìwé: ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ti rí fọ́tò náà lórí fóònù bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Kò fẹnu kan ìrẹsì yẹn títí tó fi tán. Mo bẹ̀ ẹ́, kò jẹ.

Obìnrin kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi. Kìrìsìtẹ́nì ni. (Ní Ìjẹ̀bú tiwa, ta ló ń wo ìyẹn? Ẹ̀gbọ́n á jẹ́ Àlàájì, àbúrò á jẹ́ pásítọ̀, ilé kan náà ni wọ́n ti máa jẹ ẹran Iléyá.) Ó ní kí wọ́n gbé àpò gàrí mẹ́ta wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ìyàwó, àyè ò sí ní ìsọ̀ mi, bá mi tà á. Ojú owó ni kó o dá padà fún mi." Àyè wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde. Títí dòní, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé ó ràn mí lọ́wọ́.

Ṣé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ? Rárá. Nígbà míì, ẹ̀yìn ìsọ̀ ni mo máa ń gbà kọjá kó má baà rí mi, torí pé ọjà ò yá, owó rẹ̀ ò sì tíì pé lọ́wọ́ mi. Ìtìjú ni. Ẹni tó bá rí mi nígbà yẹn á pè mí ní aláìmoore.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé. Nígbà tí Ọlọ́run bá mi ṣe é, mo gba ọmọ àbúrò ọkọ mi sọ́dọ̀, mo fi í sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, mo ra ẹ̀rọ fún un. Kò sí àlejò tó wọlé tí mi ò ní sọ fún pé èmi ni mo ra ẹ̀rọ yẹn. Mo ti gbọ́ Kùránì 2:264 nínú wàásù, pé ká má fi ìrègún àti ìpalára ba sàráà wa jẹ́. Àwọn tó ya fọ́tò wa ni mo rò pé ó ń bá wí. Lọ́jọ́ kan mo ti ọjà dé, ọmọ náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó nu ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní, ó fi aṣọ bò ó. Tí mo bá pè é, á kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì padà wá.

Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ inú sàká yín, ìyẹn náírà 1 nínú 40 tó jẹ́ ọ̀ranyàn fún Mùsùlùmí tó lówó láti yọ, ni ₦10,000 yẹn ti ń jáde, ti opó náà ni kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kùránì 51:19 pè é ní ẹ̀tọ́. Tó bá sì jẹ́ sàráà, ẹ ti fún Ọlọ́run nìyẹn. Àbí ara rẹ̀ ni kò yá? Àbí fóònù ló bàjẹ́? Tí ẹ bá máa pè é lọ́la, ẹ béèrè àwọn ọmọ. Ẹ má dárúkọ owó rárá.