Sàtífíkéètì mọ́kànlá kò gbà mí

Àbúrò mi, o ní wọ́n ti gbé ọ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ìrora nílùú Gẹ̀ẹ́sì níbí, o sì ń béèrè ẹ̀kọ́ tí OT (occupational therapist, àwa tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti lè ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀) lè ṣe tí HCPC, àjọ tó ń forúkọ wa sílẹ̀, yóò gbà, àti iye wákàtí tí wọ́n ń fẹ́. Wọn kì í ka wákàtí. Àkọsílẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró ni wọ́n ń wò, ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi, àti àǹfààní tó ṣe fún ẹni tí ò ń tọ́jú.

Mi ò ka èyí sí títí di 2021. Nígbà tí a bá ń tún orúkọ wa fi sílẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, wọ́n máa ń ṣa ìdá 2.5 nínú 100 wa pé ká wá fi ìwé hàn. Ó kàn mí. Mo kó sàtífíkéètì mọ́kànlá jọ, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tí mo wá jókòó láti kọ ohun tí mo fi ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn ṣe, mi ò rí nǹkan kan kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ọmọ bá ti sùn, màá máa tú ímeèlì àtijọ́ àti kàlẹ́ńdà, omi á máa bọ́ lójú mi. Ọ̀gá mi ìgbà náà, tó ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti yọ̀ǹda mi fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ló wò mí tó ní, “Ìwọ kọ́ lo ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ ni?” Ó ṣì ń dùn mí.

Ìyá kan tí mo tọ́jú, tí ẹ̀yìn ti ń ro fún ọdún mẹ́sàn-án, ló yọ mí. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá yá, á fọṣọ, á gbálẹ̀, á se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, á wá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan ti jọ ka ìlànà NG193 tí NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú nílùú Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní oṣù kẹrin 2021, níbi tí wọ́n ti ní ká má bẹ̀rẹ̀ parasitamọ́ọ̀lù tàbí opioid (oògùn ìrora líle bíi mọ́fíìnì) fún ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí a kò rí àìsàn mìíràn tó fà á, pé eré ìdárayá wà lára ohun tó yẹ. (Má torí èyí sọ fún aláìsàn kankan pé kó ju oògùn rẹ̀ nù o! Ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, dídá a dúró lójijì lè léwu.) Mo bá ní kí ìyá náà máa dúró nídìí ààrò fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, kó jókòó kí ìrora tó lé e jókòó, ká máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ó se ọbẹ̀ ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ rẹ̀, kò sì dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìjíròrò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi ṣe lórí ìlànà yẹn, tí kò ní sàtífíkéètì, ni mo kọ síwájú.

Ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀. Mo san 340 pọ́n-ùn fún ọkùnrin kan tó ní ìjókòó burúkú ló ń fa gbogbo ìrora. Gbogbo ìrora kẹ̀! IASP, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ìrora, ní ìlànà ẹ̀kọ́ ìrora tí wọ́n kọ fún àwa OT. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kíkó ìwé ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò le, o máa rí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá kọ́ nǹkan ni kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì yọ orúkọ aláìsàn kúrò nínú gbogbo ohun tí o bá fi ránṣẹ́.